Yìnyín Orí Òkè Sinakara

Ní orílẹ̀-èdè Peru, ní agbègbè Cusco, níbi tí àwọn òkè Andes ti ga fíofío tí orí wọn sì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ni àwọn darandaran Quechua, àwọn tí ń sin lámà àti àlípákà, ti máa ń rọ́ lọ sí àfonífojì Sinakara lọ́dọọdún láti ṣe ọdún Qoyllur Rit'i, èyí tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àjogúnbá aráyé ní 2011.

Láyé àtijọ́, àwọn ukuku, àwọn tí í múra bí béárì, a máa gun òkè lóru, wọn a gé yìnyín ńlá, wọn a pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí abiyamọ ti ń pọn ọmọ títí dé ilé, nítorí wọ́n gbà pé omi rẹ̀ jẹ́ oògùn fún ènìyàn àti ìbùkún fún oko. Ṣùgbọ́n ìgbà kò lọ bí òréré. Ooru ayé ti jẹ ju ìdajì yìnyín Peru lọ láàárín nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, àwọn ukuku sì fi ẹnu ara wọn sọ gígé yìnyín di èèwọ̀. Àwọn tí í gé e tẹ́lẹ̀ ló wá di ẹ̀ṣọ́ rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èéfín tó ń yọ́ yìnyín náà, kì í ṣe láti inú ààrò darandaran ló ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ukuku ṣì ń gun òkè náà lóru, wọ́n ń gbàdúrà lórí rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, wọn a sọ̀kalẹ̀ láìpọn nǹkan kan sẹ́yìn.