Ìrẹ̀ Náà Fẹ́ Yè

Ẹ̀yin òbí Ìyànà Ìpájà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí, bó bá sì ká yín lára, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ yín a mú alángbá, wọn a sọ ọ́ sínú ike, wọn a wá ṣẹ́ ìrẹ̀ lẹ́sẹ̀ jù sí i. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ ó ní, "Kí ni kòkòrò mọ̀?"

Ó mọ̀ púpọ̀! Aáyán àti ìrẹ̀ ní ìwo wẹ́wẹ́ méjì nídìí, tí irun bò. Atẹ́gùn díẹ̀ tí ọ̀tá bá rú sókè ni irun yìí fi ń mọ̀ pé ikú ń bọ̀. Ní 1978, Jeffrey Camhi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Amẹ́ríkà pé kí ahọ́n ọ̀pọ̀lọ́ tó dé, aáyán ti yí padà, ó ti ń sá. Ìrẹ̀ tí a dì mú lẹ́sẹ̀ lè já ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọ̀tá, kó bá tirẹ̀ lọ. Ṣé òmùgọ̀ nìyẹn?

Ẹ ó ní alángbá gbọ́dọ̀ jẹun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n alángbá orí ògiri ń sáré kó tó jẹ, ìrẹ̀ náà sì ráyè sá. Ọmọ yín ló gba eré lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì.

Ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ọmọ tó ń ṣẹ́ ìrẹ̀ lẹ́sẹ̀ lónìí, ta ni yóò kàn lọ́la? Ẹ ní kó tú alángbá sílẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ wà lára ògiri.