Ẹyẹ àti Òdòdó Inú Ewì: Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Bí olùkọ́ èdè Yorùbá bá wọ kíláàsì lónìí, tí ó béèrè ẹyẹ tí àwọn akéwì máa ń so mọ́ aró, gbogbo ẹnu ni yóò dáhùn pé agbe ni. Bí ó bá béèrè ti osùn, wọn yóò ní àlùkò. Ti ẹfun, wọn yóò ní lékèélékèé. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè ẹni tí ó ti fojú ara rẹ̀ rí agbe, kẹ́kẹ́ yóò pa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà lè ṣàlàyé ìgbà ìrúwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké, nítorí pé ó ti ka ewì tí William Wordsworth tẹ̀ jáde lọ́dún 1807 nípa òdòdó etí adágún. Kíka ewì Gẹ̀ẹ́sì kò burú. Ohun tó burú ni pé akẹ́kọ̀ọ́ mọ orúkọ òdòdó tí kò hù nítòsí rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n koríko lásán ni gbogbo èyí tó hù sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lójú rẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ní ìgbà ìrúwé bíi ti òyìnbó, ṣùgbọ́n ó ní àkọ́rọ̀ òjò, tí ó máa ń rọ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin. (Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń retí lóṣù kẹrin láti fi mọ̀ pé ìrúwé dé, ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ń bọ̀.) Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà oko lọ lẹ́yìn òjò yìí yóò bá ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ. Akọ rẹ̀, aláwọ̀ ìyeyè tí orí rẹ̀ dúdú, ni ó ń ya imọ̀ ọ̀pẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti fi hun ìtẹ́. Bí ó bá hun ún tán, abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, akọ á tú u palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti gbọ́ irú ariwo tí àwọn àgbà ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n fi ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ wé ẹ̀gà: kì í ṣe ariwo ìjà, ariwo ọjà ni, ẹnì kan kò dákẹ́ gbọ́ ti ẹnì kejì.

Lékèélékèé tí ó ti ń tẹ̀lé màlúù jẹ tata láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ń múra àtigba ọ̀nà àríwá lọ. Bí àsìkò àtiyé ẹyin bá sún mọ́, ìyẹ́ orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú, àfi bí ẹni fi osùn kan ẹfun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há a sórí pé funfun ni lékèélékèé kò mọ ìyẹn.

Ní ilẹ̀, patanmọ́ ń tanná pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Orúkọ rẹ̀ ti jẹ́ ewì fúnra rẹ̀: bí ọwọ́ bá kàn án, á pa ewé dé. Yorùbá kì í sábà sọ òdòdó lórúkọ. Ewé tàbí igi ni wọ́n ń sọ lórúkọ, òdòdó á sì tẹ̀lé e. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa fi òṣùwọ̀n ewì òdòdó Gẹ̀ẹ́sì wọn ewì Yorùbá. Àwọn ọdẹ tí Adéboyè Babalọlá kọ̀wé nípa ìjálá wọn lọ́dún 1966 ní oríkì fún ẹranko, ẹyẹ àti igi nítorí pé wọ́n rìn láàárín wọn.

Àwọn kan yóò ní ejò wà lóko, àti pé ìdánwò kì í béèrè èyí. Àtakò tó lágbára jù ni pé igi ńlá tí agbe àti àlùkò ti ń jẹ èso ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni ìdílé ẹyẹ wọn wà ní gbogbo ayé. Òótọ́ ni, olùkọ́ lè má rí agbe fi hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kan ṣoṣo tí ẹ̀gà wà lórí rẹ̀ ti tó bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró lábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí kálukú kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá ṣí ìwé ewì.