Búrẹ́dì àti iyọ̀ lójú òfuurufú

Ẹ gbọ́ ná, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àlejò ṣíṣe. Ti àwọn ará Rọ́ṣíà ni o, lókè níbi táwọn ìràwọ̀ wà yẹn.

Ní Rọ́ṣíà, tí àlejò pàtàkì bá dé, búrẹ́dì àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń pàdé ẹ̀. Á bu búrẹ́dì díẹ̀, á fi kan iyọ̀, á jẹ ẹ́. Kódà khlebosolstvo, orúkọ tí wọ́n ń pe ìwà ọ̀yàyà sí àlejò, inú "búrẹ́dì" àti "iyọ̀" ni wọ́n ti fà á yọ.

Lóṣù kẹta ọdún 1995, Norman Thagard, ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó bá ọkọ̀ Soyuz gbéra, dé ibùdó Mir pẹ̀lú àwọn ará Rọ́ṣíà méjì. Búrẹ́dì àti iyọ̀ ni àwọn onílé fi kí wọn káàbọ̀. Yelena Kondakova wà lára àwọn onílé yẹn. Obìnrin bíi tèmi, ẹ pàtẹ́wọ́.

Ẹ wá rò ó wò. Lókè yẹn, nǹkan kan kì í jókòó jẹ́ẹ́. Èérún búrẹ́dì lè fò wọ ojú èèyàn, ó lè kó sínú ẹ̀rọ. Iyọ̀ gan-an, ńṣe làwọn ará Amẹ́ríkà máa ń pò ó mọ́ omi kó má baà fọ́n káàkiri. Gbogbo ẹrù ni wọ́n ń wọ̀n kó tó gòkè. Síbẹ̀ wọ́n wá àyè fún búrẹ́dì àlejò! Àwọn kan á ní àṣejù ni. Èmi ò gbà. Ẹni tẹ́ ẹ jọ máa mí afẹ́fẹ́ kan náà nínú agolo, ó yẹ kó mọ̀ lọ́jọ́ tó dé pé ẹ fẹ́ òun níbẹ̀.

Aleksei Leonov tiẹ̀ fi yẹ̀yẹ́ kún tiẹ̀. Lóṣù keje ọdún 1975, Apollo àti Soyuz so pọ̀ lókè, nígbà tí ìjọba méjèèjì ṣì dojú àdó olóró kọra wọn. Leonov pín túùbù tí wọ́n kọ "vodka" sí lára fáwọn àlejò ẹ̀, ó ní àṣà ni, ẹ mu ún ká tó jẹun. Wọ́n fà á. Ọbẹ̀ borscht ni!

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Sister, àwọn tó ń ja Ukraine lógun lò ń yìn yìí?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Lóṣù keje ọdún 2022, àwọn ará Rọ́ṣíà mẹ́ta ya fọ́tò ní ibùdó ISS pẹ̀lú àsíá Luhansk, ilẹ̀ Ukraine tí wọ́n fogun gbà. NASA bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ó bí èmi náà nínú: ilé àjọgbé kì í ṣe pátákó ogun ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn náà, Frank Rubio ará Amẹ́ríkà bá ará Rọ́ṣíà méjì wọ Soyuz. Ọkọ̀ wọn jò lókè, wọ́n ní láti fi òmíràn ránṣẹ́ sí wọn. Ọjọ́ 371 làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lò pa pọ̀. Ogun ò dúró nítorí ìyẹn o. Mi ò ṣáà ní bá yín pe búrẹ́dì yẹn ní àṣehàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ jiyàn, ẹ fèsì sísàlẹ̀. Mo wà ńlé.