Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Wa Lobẹ́ẹ̀dì, Ẹ Dúró Ná



Kò sí ọ̀sẹ̀ kan báyìí tí ọ̀dọ́ kan kò ní wá bá wa ní Kétu pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wá ọ̀nà, lobẹ́ẹ̀dì ni a fẹ́ máa wà." Wọ́n ti rí ọkọ̀ gígùn náà tó ń gbé katapílà kọjá ní Mile 12 lóru, tí táyà rẹ̀ pọ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn, wọ́n sì ti gbọ́ pé owó ibẹ̀ ju ti típà lọ. Òótọ́ ni, owó wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí à ń gbà wọ iṣẹ́ náà ní àdúgbò wa ni a fẹ́ bá wí.

Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ jẹ́. Yóò fọ ọkọ̀, yóò fi igi há ìdí táyà, yóò sùn sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọn ní Owódé Onírin. Lọ́jọ́ tí ó bá rẹ ọ̀gá dírẹ́bà, tàbí tí ó ti mu paraga díẹ̀, yóò ní kí ọmọ náà bá òun wà á dé iwájú. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di dírẹ́bà. Kò sí ìdánwò, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ bí a ti ń di ẹrù. A mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ọ̀nà tí àwa náà gbà wọlé nìyẹn. Olówó ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ kò béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ wa rí. Ṣéènì méjì péré ni ó fún wa láti di ẹ̀rọ ńlá mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan já níbi ìdàgẹ̀rẹ̀ afárá, owó oṣù wa ni ó gé.

Ẹ rántí Ojúẹlẹ́gba. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ńténà já bọ́ láti orí afárá, ó pa ènìyàn 3. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, òmíràn tún já bọ́ sórí bọ́ọ̀sì níbẹ̀ kan náà, ènìyàn 9 kú, ọmọdé wà nínú wọn. Kọ̀ńténà tí ẹrù kún inú rẹ̀ lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 30. Igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ń fi kọ́kọ́rọ́ twist lock tì mọ́ tírélà. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa mọ̀ọ́mọ̀ ń fi í sílẹ̀ láìtì, wọ́n ní bí ẹrù bá fẹ́ ṣubú, kó má fa ọkọ̀ lọ. Ta ni ẹ fẹ́ kó ṣubú lù?

Ọ̀rọ̀ gíga náà ń kọ́? Kọ̀ńténà gíga jẹ́ mítà 2.9. Bí tírélà pẹlẹbẹ bá ga tó mítà 1.5, àpapọ̀ rẹ̀ di mítà 4.4. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ṣe lobẹ́ẹ̀dì tí ikùn rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀. Síbẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà lọ́sàn-án kí ẹ tó gbé ẹrù gbà á lóru: ẹ wo wáyà iná ní Ìkòsì, ẹ wo afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Kétu. Àgbà dírẹ́bà kan tí a mọ̀ máa ń gbé ọ̀pá gígùn kiri tó fi ń wọn ọ̀nà. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tíì já wáyà ẹnikẹ́ni rí. Àwọn olówó ńlá pàápàá mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹrù ni títì lè gbé. Òpó ńlá ilé-ìfọpo Dangote tó dé ní ìparí ọdún 2019 wúwo ju tọ́ọ̀nù 2,000 lọ. Ojú omi ni wọ́n gbé e gbà dé Lẹ́kkí.

Nítorí náà, ọmọ wa, kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì onípele G ní orúkọ ara rẹ, òun ni ti tírélà. Lẹ́yìn náà, béèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́. Òfin Employees' Compensation ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó wọn. Bí o bá fara pa, tàbí tí o kú, ibẹ̀ ni ìwọ tàbí ìyàwó rẹ yóò kọjú sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń san owó ìrìn-àjò kan fún lẹ́yìn òmíràn, tí kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò fi hàn?

Òfin ìrìnnà Èkó kò fẹ́ tírélà ní ìgboro láti agogo 6 àárọ̀ títí di 9 alẹ́, yàtọ̀ sí ọkọ̀ epo àti bọ́ọ̀sì gígùn. Iṣẹ́ òru ni iṣẹ́ yìí, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni olówó ọkọ̀ ń rán dírẹ́bà kan náà lọ to ìlà ní Àpápá. Ìgbà wo ni yóò sùn? Dírẹ́bà méjì ni a ń béèrè fún lórí lobẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, àti ọkọ̀ kékeré tí yóò máa ṣáájú ẹrù tó fẹ̀ ju ojú ọ̀nà rẹ̀ lọ. Wọ́n á ní dísù ti wọ́n. A gbọ́. Owó tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ kejì kì í wọ́n wọn.

Àwa ẹgbẹ́ pàápàá jẹ̀bi. À ń gba owó ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n a kò tíì kọ́ ọmọ kan bí a ti ń di ṣéènì. Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni àwa ti kọ́ bí a ti ń ka ìwọ̀n. Irú rẹ̀ ni a fẹ́ dá sílẹ̀ ní Kétu, kí àwọn àgbà dírẹ́bà máa kọ́ni ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. A ó gbé e wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀. Ẹ wá dìbò, kí ẹ sì mú láísẹ́ǹsì yín dání, a ó wò ó.