Ẹ Jẹ́ Kí A Rò Ó Kí A Tó Dà Á



Ní ọ̀sẹ̀ yìí, a fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ tí ń mọ ère sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin òbí tí ń ra ohun èlò fún wọn. Iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn nísinsìnyí: a ó da sílíkóònù, tí í rọ̀ bí rọ́bà bí ó bá dì tán, bo ère amọ̀ láti fi ṣe mọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà a ó da résìnì, ohun olómi tí í le bí òkúta, sínú mọ́ọ̀dù náà. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n sílíkóònù wọ́n, ère amọ̀ a sì máa bàjẹ́ nígbà tí a bá ń yọ ọ́. Ẹni tí kò rò ó tẹ́lẹ̀ lè pàdánù owó àti ère lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn orí tí a hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, ìda ni a fi mọ wọn, a fi amọ̀ bò wọ́n, a yọ́ ìda dànù, a sì da idẹ sí ààyè rẹ̀. A ní láti fọ́ amọ̀ náà kí orí tó jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ wúlò. Ti sílíkóònù ṣeé ṣí, ó sì ṣeé pa dé láti da òmíràn. Nítorí náà, ibi tí a ó ti ṣí i ni kí a kọ́kọ́ rò.

Bí ó bá ṣe ère orí ènìyàn ni, ìlà yóò hàn lára rẹ̀ níbi tí apá méjèèjì mọ́ọ̀dù ti pàdé. Ẹ mú ìlà náà gba etí, níbi tí a lè fi sánpépà ha á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gba imú. Ẹ tẹ́ ère sínú amọ̀ nínú àpótí títí dé ìlà yìí, kí ẹ fi ìka ṣe kòtò kéékèèké sí amọ̀ náà, kí apá méjèèjì lè gbá ara wọn mú. Nígbà tí apá kìíní bá dì, ẹ yí i padà, ẹ kó amọ̀ kúrò, ẹ sì fi fasilíìnì pa ojú sílíkóònù náà kí ẹ tó da èkejì; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, méjèèjì yóò lẹ̀ di ọ̀kan.

Ìsàlẹ̀ ọrùn ni ẹnu mọ́ọ̀dù. Bí a bá dorí rẹ̀ kodò láti da résìnì, afẹ́fẹ́ yóò há sábẹ́ àgbọ̀n àti etí. Ẹ lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ láti etí jáde. Ní ti àgbọ̀n, ẹ tẹ mọ́ọ̀dù síwájú díẹ̀ bí ẹ ti ń dà á.

Láti mọ iye sílíkóònù tí yóò tó, ẹ da ìrẹsì gbígbẹ yí ère ká nínú àpótí títí yóò fi bò ó, kí ẹ sì wọ̀n ìrẹsì náà.

Ìkìlọ̀ wa nìyí: irú sílíkóònù kan kì í dì lára amọ̀ tí ó ní imí ọjọ́, ẹ kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ résìnì ní ìta gbangba, jìnnà sí ilé ìdáná àti àwọn ọmọ kéékèèké.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọjọ́ kan tí a fi ronú dára ju ère tí a kò lè mọ lẹ́ẹ̀kejì lọ.