Dá Akéwì Lóhùn, Má Gba Ewì Lọ́wọ́ Rẹ̀

 Mo kí ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ìwé yìí lẹ́bàá ààrò. Mo kí ẹ̀yin bàbá tí ẹ kọ́kọ́ ń wo àwòrán kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀. Mo sì kí ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n máa ń ní kí ẹ kà á sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan èmi alára. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò lójú yín, nítorí pé mo jẹ̀bi, mo sì rò pé ẹ̀bi irú èyí kò mọ sọ́dọ̀ mi nìkan.

Ní Magboro níbí, lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Owó ilé Èkó ni ó lé wa dé ibí, ọ̀pọ̀ sì tún ń ti ibí padà lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó bá jìnnà sí ìdílé rẹ̀ ni ó mọ adùn ìjókòó pọ̀. Nítorí náà, ní alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Ìṣái, àwa tí a fẹ́ràn ewì máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí wa. Káfíńtà wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, dírẹ́bà wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀. Àwọn ìyá àsàlátù náà wà lórí ẹní tiwọn pẹ̀lú àwọn ọmọ. Kò sí ẹni tí ewì ń bọ́ nínú wa. Olúkúlùkù á ka èyí tí ó ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn yòókù á sì dá a lóhùn. Ẹni tí súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ bá dá dúró lójú ọ̀nà á fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, a ó sì gbé fóònù náà sáàárín kí gbogbo wa lè gbọ́.

Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà kan bi wá pé kí ni ewì ń wá lọ́dọ̀ mọ́ṣáláṣí. Mo rán wọn létí pé Ṣúrà kan wà nínú Al-Kùránì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwọn Akéwì. Òótọ́ ni pé ìparí rẹ̀ bá àwọn akéwì tí ń sọ ohun tí wọn kò ní ṣe wí, ṣùgbọ́n ó yọ àwọn tí ó gbàgbọ́ tí wọ́n sì ń ṣe rere sọ́tọ̀. Bákan náà ni Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní akéwì tirẹ̀, Hassān ọmọ Thābit, tí ó máa ń fi ewì dá àwọn akéwì ọ̀tá lóhùn. Àwọn àgbà náà gbà. Èmi sì rò pé mo ti mọ ohun gbogbo nípa ewì àti èsì ewì.

Ní alẹ́ Sátidé kan, ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀wà ní òwúrọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́wà, dìde láàárín àwọn obìnrin. Kò tíì ka ewì fún wa rí. Ó mú bébà tí ó ká sí mẹ́rin jáde, ó tú u, ó sì kà á. Ewì náà dá lórí ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò lò tó ogójì ọjọ́ láyé. Ó sọ̀rọ̀ àgbò ìsọmọlórúkọ. Ó sọ̀rọ̀ àwọn aṣọ kéékèèké tí òun fọ̀, tí òun sá, tí kò sí ẹni tí yóò wọ̀ wọ́n mọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ náà, kò sí ẹni tí ó tún pe orúkọ rẹ̀ sí òun létí.

Nígbà tí ó parí, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ẹnìkan ní, “Má ṣàá Allāhu.” Ẹlòmíràn ní ó dára púpọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá bébà tirẹ̀ nínú àpò. Èmi wàyí! Èmi tí mo lọ ilé kéwú, tí mo sì ka ìwé mẹ́fà, mo gbé gíláàsì mi sójú. Mo ní ìlà kẹrin gùn ju ìkẹta lọ. Mo ní ó ṣi ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan pè. Mo ní ọ̀rọ̀ aṣọ ti pọ̀ jù. Gbogbo ohun tí mo sọ ni ó tọ̀nà. Ìyá Ẹlẹ́wà ní, “Ẹ ṣé o, Aáfà.” Ó ká bébà rẹ̀ padà sí mẹ́rin, ó jókòó. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni a kò rí i mọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún kí ó tó bi mí pé, “Aáfà, ṣé ẹ gbọ́ ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ ohùn tí ó pe ìrun sí ọmọ náà létí?” Mo ní mo gbọ́ ọ, ìlà kẹrin ni, òun gan-an ni ó gùn jù. Ó wò mí títí. Ó ní, “Ta ni ládàánì mọ́ṣáláṣí yìí?”

Ẹ̀yin ará mi, ara mi tutù wọ̀ọ̀. Èmi ni ládàánì. Èmi ni mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, èmi ni mo pe ìrun sí etí ọ̀tún rẹ̀. Obìnrin náà dìde láàárín èrò, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, mo sì mú ọ̀pá ìdíwọ̀n, mo fi wọn ìbéèrè rẹ̀. Àwọn baba wa ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mo ti máa ń rò pé ohùn ẹni tí ń ka ewì ni òwe náà ń sọ. N kò mọ̀ pé ohùn ẹni tí ń fèsì náà wà níbẹ̀.

Oorun kò kùn mí ní alẹ́ yẹn. Mo lọ tú àwọn ìwé kéwú mi àtijọ́, ọwọ́ mi sì ba ohun kan tí àwọn olùkọ́ wa fi hàn wá nígbà tí a wà ní ọmọdé, tí n kò kà sí nǹkan kan. Takhmīs ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà tí àwọn akéwì Lárúbáwá àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa fi ń dá ara wọn lóhùn ni. Bí akéwì kan bá ṣe ewì onílà méjì-méjì, ẹlòmíràn tí ewì náà wù á ṣe ìlà mẹ́ta tirẹ̀, á fi wọ́n síwájú ìlà méjèèjì, á sì mú kí ìparí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dún bí ìparí ìlà kìíní ti ẹni àkọ́kọ́. Ìlà náà á wá di márùn-ún. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ń fèsì kò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ onílé padà. Ọ̀nà ni ó ń là fún un. Ìlà ìkẹyìn, ti ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ìyá bá rò pé iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Nana Asma'u fún yín. Ọmọ Ṣéù Usman dan Fodio ti Sókótó ni. Wọ́n bí i ní 1793, ó kú ní 1864. Ó ń kọ ewì ní èdè Fúlàní, ní èdè Haúsá àti ní èdè Lárúbáwá, ó sì bí ọmọ, ó tọ́ wọn, ó ń bójú tó ilé. Ní ìdílé wọn, ewì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní 1822, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Muhammad Bello, tí ó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, kọ ewì kan ní àkókò wàhálà. Ó mú áyà tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìrọ̀rùn tí ń bá ìnira rìn nínú Ṣúrà Alam Nashrah, ó sì fi lẹ́tà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Asma'u kò kọ̀wé sí i pé ìlà báyìí gùn jù. Ó jókòó, ó fi lẹ́tà áyà kan náà bẹ̀rẹ̀ àwọn ìlà tirẹ̀, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọrọ ohun tí ó ń tọrọ.

Lẹ́yìn ikú bàbá wọn ní 1817, ọmọbìnrin yìí tún mú ewì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó ṣe takhmīs sí i. Ẹ wo ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí ó sì rí ọ̀nà láti fi ìlà mẹ́ta ṣíwájú kí bàbá náà tún lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí Aisha, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, tí ó jẹ́ ìyàwó Bello, kú, ó fi ewì dárò rẹ̀. Kò sì fi ìmọ̀ rẹ̀ mọ sí ààfin. Ó kọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní 'Yan Taru, tí wọ́n ń ti abúlé wá kọ́ ewì rẹ̀ sórí, tí wọ́n á sì padà lọ fi kọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn tí kò lè jáde nílé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Sókótó nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa níbí, inú èsì ni ewì àti orin Mùsùlùmí ti dàgbà. Ẹ rántí wákà àwọn ìyá wa. Kí ni wákà láìsí ẹlẹ́gbè? Alhaja Bàtílé Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó jáde láyé ní 2013, kó wákà wọ inú àwo, ohùn àwọn ẹlẹ́gbè rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí ń gbè é. Ẹ rántí àwọn ajíwéré tí ń jí wa sí sàárì nínú oṣù ààwẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúgbò kan á kọrin, ẹgbẹ́ kejì á fi tirẹ̀ lé e. Inú rẹ̀ ni Sikiru Ayinde Barrister ti jáde wá kí ó tó sọ orin tirẹ̀ ní fújì. Nígbà tí ìwé ìròyìn Yorùbá sì ń gbilẹ̀, D. A. Ọbasá ní Ìbàdàn, ẹni tí ó dá The Yoruba News sílẹ̀ ní 1924, ń tẹ ewì sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ní 1927 ó kó wọn jọ di Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn ará ìlú ni ó máa ń mú, tí á sì fi tirẹ̀ kún un.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, èmi àti ìyàwó mi lọ sí ìsọ̀ Ìyá Ẹlẹ́wà. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, a dúró títí ó fi tà tán. Mo ní, “Ìyá, èmi ni mo pe ìrun sí ọmọ náà létí. Ẹ bi mí, n kò dá yín lóhùn. Ẹ foríjì mí.” Ó ń nu ìkòkò rẹ̀, kò gbé ojú sókè. Ó pẹ́ kí ó tó sọ pé, “Aáfà, èmi náà mọ̀ pé ìlà yẹn gùn. N kò mọ ibi tí n bá ti gé e.” Mo ní kí ó má gé e. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un kà fún wa ní Sátidé. Kò ṣe ìlérí. Ó kàn bu ẹ̀wà tí ó kù ní ìsàlẹ̀ ìkòkò fún wa.

Ṣùgbọ́n ó wá. Ó kà á, mo sì fi takhmīs dá a lóhùn. Ó gbà mí láyè kí n tẹ méjì nínú ìlà rẹ̀ síbí pẹ̀lú mẹ́ta tèmi níwájú. Ti òun ni méjì tí ó kẹ́yìn:

Etí rẹ̀ kékeré ni mo pe ìrun sí, ó mi orí, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó gbọ́;
Mo gbàgbé, ìyá ọmọ; ohun tí ẹ gbé fún mi dì mú ni mo jù sílẹ̀ tí ó fọ́;
Orúkọ rẹ̀ kò sọnù lọ́dọ̀ Ọba tí kì í gbàgbé, tí ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lójoojúmọ́;
Ẹ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí èmi ìyá rẹ̀ lè gbọ́;
Ohùn tí ó pe ìrun sí i létí ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, ṣé ohùn náà ti gbàgbé?

Lẹ́yìn náà ni mo pe orúkọ ọmọ náà sókè. Àwọn ìyá tí ó wà lórí ẹní pè é tẹ̀lé mi. Orúkọ náà, n kò ní tẹ̀ ẹ́ síbí. Ti ìyá rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò sọ pé kí a má ṣe àtúnṣe fún ara wa. Ẹni tí ó ń sọ pé gbogbo ewì dára kò tíì gbọ́ ọ̀kankan. Nígbà tí ó yá, Ìyá Ẹlẹ́wà fúnra rẹ̀ wá bá mi, ó ní kí n kọ́ òun bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ Lárúbáwá yẹn, mo sì kọ́ ọ, àwa méjì àti ìyàwó mi, láìsí èrò. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Èmi ni mo fi ọwọ́ òsì ṣáájú, tí mo sì gbàgbé ọ̀tún sílé.

Nítorí náà, bí ọmọ rẹ bá mú ewì ti ilé ìwé bọ̀, tàbí ìyàwó rẹ ka ohun tí ó kọ sẹ́yìn ìwé òǹkà owó, tàbí ọ̀rẹ́ rẹ fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ láti inú ọkọ̀, kọ́kọ́ dá ohun tí ó sọ lóhùn. Bí ó bá bi ọ́ ní ìbéèrè, wá èsì fún un. Àtúnṣe ìlà lè dúró di ọ̀la, ní ìkọ̀kọ̀. Bí o bá sì ní ọ̀rọ̀ tìrẹ, fi í síwájú, kí o sì jẹ́ kí ẹni tí ó ni ewì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Má-a-sàláámà.