Ìlú Olódi Lórí Tábìlì Ilé

 Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ìyá ni kì í fẹ́ kí eré tí ó ní oríire nínú wọ ilé, nítorí ẹ̀rù tẹ́tẹ́. Ẹ̀rù náà tọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo eré tí oríire wà nínú rẹ̀ ni tẹ́tẹ́. Ẹni tí ó ta tẹ́tẹ́ fi owó sílẹ̀, ó sì ń wojú oríire nìkan. Ṣùgbọ́n eré kan wà tí kò ní owó nínú, tí ó ń kọ́ ọmọ bí yóò ti ṣe ohun tí ó bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Carcassonne ni orúkọ rẹ̀.

Ará Jámánì kan, Klaus-Jürgen Wrede, ni ó ṣe é, ó sì jáde ní ọdún 2000. Ìlú olódi àtijọ́ kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní 2001, ó gba Spiel des Jahres, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún eré tí ó ta yọ lọ́dọọdún ní Jámánì. Ènìyàn 2 títí dé 5 ni ó lè jókòó tì í.

Páálí onígun mẹ́rin 72 ni ó wà nínú rẹ̀. A ya odi ìlú, ọ̀nà, pápá tàbí ilé àwọn mọ́ńkì sí ojú wọn. Ẹ ó fi ọ̀kan lélẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì da ojú ìyókù dé. Ẹni tí ó bá kàn yóò mú ẹyọ kan láìmọ èyí tí ó jẹ́, yóò sì tò ó mọ́ èyí tí ó wà nílẹ̀: odi gbọ́dọ̀ bá odi mu, ọ̀nà gbọ́dọ̀ bá ọ̀nà mu. Lẹ́yìn èyí, ó lè fi ọ̀kan nínú ọmọ ayò onígi 7 rẹ̀ lé páálí náà, láti fi gba ìlú tàbí ọ̀nà tí kò tíì ní olúwa. Ìgbà tí ìlú náà bá parí ni ọmọ ayò yóò tó padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Bí a bá yọ àmì asà kúrò, páálí kọ̀ọ̀kan nínú ìlú tí ó parí jẹ́ máàkì 2. Nínú èyí tí kò parí títí eré fi tán, máàkì 1 péré ni. Ìlú ńlá páálí 6 yóò mú 12 wá. Nínú òfin tí wọ́n ń lò nísinsìnyí, ìlú kéékèèké 3 tí ó ní páálí méjì méjì yóò mú 12 kan náà wá. Ṣùgbọ́n bí ìlú ńlá bá ku páálí kan, tí páálí náà kò sì jáde, 5 ni olúwa rẹ̀ yóò gbà, ọmọ ayò rẹ̀ yóò sì há síbẹ̀ títí dé òpin. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nínú ayò ọlọ́pọ́n, kò sí oríire. Ọmọdé kì í sábà borí àgbà. Nínú lúdò, dáìsì ni ọ̀gá. Carcassonne wà láàárín méjèèjì, nítorí náà ìyá àti ọmọ lè jọ jókòó tì í láìsí ìrẹ́jẹ.

Bí ọmọ bá ń sunkún pé páálí òun kò dára, ẹ má ṣe gbà á tò fún un, ẹ má sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó borí. Ẹ bi í pé, “Ibo ni ó tún lè wọ̀?” Òfin eré náà gbà kí a fi páálí tí a mú han gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì fúnni nímọ̀ràn. Ọmọ yóò tètè mọ ìmọ̀ràn tí ó wà fún ire òun, àti èyí tí ó wà fún ire ẹni tí ó ń gbà á. Ẹ fi òfin àwọn àgbẹ̀ inú pápá sílẹ̀ ná, títí yóò fi mọ èyí tí ó rọrùn.

Àwa kọ́ ni yóò yan ohun tí yóò bọ́ sí àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ nílé ayé. Bí wọn yóò ti tò ó ni a lè kọ́ wọn. Ó di oṣù tí ń bọ̀.